Ẹnì Kẹwàá Tí Fọ́tò Mú

Ilé Ìyá Mùfútáù,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìgbòho.
Oṣù Kẹwàá, 1976.

Mùfútáù ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Àsàláámù àlékùm. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá wa níhìn-ín, kí ó máa mọ́ bá ẹ̀yin náà lọ́hùn-ún. Ọlọ́run tó mú ọ dé Paris, tó tún mú ọ padà sí Abidjan láìsọnù, kò ní sọ ọ́ nù sáàárín èrò Abobo Gare. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọ lọ sí Plateau láràárọ̀ kò ní rí ibi já ọ sí ju ibi iṣẹ́ rẹ lọ. Bá mi kí Rakiatou ìyàwó rẹ, ọmọ dáadáa tó ń gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Kí o ka lẹ́tà yìí sí i létí, ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ dá a kà tán ná, nítorí ibi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dára láti gbọ́ lórí oúnjẹ.

Èmi fúnra mi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. O mọ̀ pé Tíṣà ló máa ń bá mi kọ̀wé tẹ́lẹ̀, màá jókòó tì í, màá máa sọ, òun á máa kọ, á sì tún máa fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bù mọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá tí mo ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi ti ń já a díẹ̀díẹ̀, bí o bá sì rí ọ̀rọ̀ tó wọ́, kí o bá mi tọ́ ọ kí o máa kà lọ. Kì í ṣe ìgbéraga ló jẹ́ kí n dá a kọ. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí Tíṣà gbọ́, torí ẹnu Tíṣà kò ní ìlẹ̀kùn.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òjò ọdún yìí pọ̀ ju ohun tí a tọrọ lọ, ẹ̀gúsí jẹrà sóko, òrùlé yàrá bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, sì ń jò sórí àpótí tí a gbé bọ̀ láti Treichville nígbà tí ó kú tí mo kó àbúrò rẹ wá sílé. Mo ti fi abọ́ gbà á. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi ti bímọ, mi ò ní sọ iye, o mọ̀ mí. Nípa owó tí o ní o ń tọ́jú sí báǹkì, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ bá ọ sọ ọ́, pé mo rí ilé báǹkì yẹn nígbà tí mo wá, ẹ̀bá ọ̀sà gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Jọ̀wọ́, máa yà wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí o ní kí wọ́n kó tìrẹ jáde kí wọ́n sá a sóòrùn, nítorí owó bébà tó bá ti rin kì í bọ̀ sípò mọ́.

Ọmọ mi, ọkàn mi wúwo. Mò ń sọ ti ewúrẹ́ àti ti báǹkì kí ọwọ́ mi lè kọ́kọ́ balẹ̀ ni.

Ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ yìí kò yé mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o lọ sí Paris, gbogbo Ìgbòho ni mo sọ fún pé dókítà ni o lọ kọ́. O padà dé, o ní dókítà ìṣirò ni ọ́. Ìgbà tí o wá kí wa, o rí bí àwọn ènìyàn ṣe tò sẹ́nu ọ̀nà wa, elẹ́sẹ̀ wíwú, olójú dídùn, aboyún, ìwọ sì ń bi wọ́n ní ọjọ́ orí wọn àti ọdún tí àìsàn ti ń ṣe wọ́n, o kọ ọ́ sílẹ̀, o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, o sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ojú tì mí títí n kò lè lọ sọ́jà. Ìgbà tí mo tún bi ọ́ léèrè, o ní dókítà ló ń yẹ aláìsàn wò, ìwọ ló wá ń yẹ àyẹ̀wò náà wò, bóyá òótọ́ ló sọ tàbí irọ́, o sì máa ń ka iye ìgbà tó pa irọ́. Ohun tí mo rò nínú mi ni pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àní kí a tó wá sọ ti aláìsàn tí ìyá rẹ̀ ń sunkún.

Ẹ̀rù kíka ènìyàn yìí náà ló wà lára mi nígbà tí mo wá kí yín ní ìdúnta, tí o mú mi lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ. O fi ẹ̀rọ ńlá kan tó ń jẹ páálí hàn mí, àti àpótí tó kún fún páálí wẹ́wẹ́, ihò sì ni gbogbo ara wọn. O ní páálí kan, ènìyàn kan ni, ihò kan ikọ́ ni, ihò mìíràn ibà ni. Mo wò ọ́, àánú rẹ ṣe mí, mo mọ̀ pé kòkòrò ló ti jẹ iṣẹ́ rẹ tí ojú sì ń tì ọ́ láti sọ. Nígbà tí ìwọ àti Séraphin ọ̀gá rẹ jáde lọ jẹun, mo da káńfọ̀ tí mo fi ń tọ́jú aṣọ sínú àpótí náà, mo sì kó àwọn tí kòkòrò jẹ jù lọ sí ojú fèrèsé kí oòrùn lè pa á. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ló ṣe ìyókù. Séraphin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìwọ ò rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn tí mo tú ká.

Kò sì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ mi. Ọdún tí àwọn tó ń ka ènìyàn fún ìjọba dé Ìgbòho, ilé wa nìkan ni wọn kò rí kà. Wọ́n bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo ní Ọlọ́run tó fún mi mọ iye tó fún mi. Wọ́n bi mí pé ta ni ọmọbìnrin tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, mo ní kò sẹ́ni tó ń gúnyán. Ràmúlátù àbúrò rẹ sì ń gún un lọ gbì, gbì, gbì, tí gbogbo wa ń gbọ́.

Ó wá ku díẹ̀ kí àkọ́rọ̀ òjò dé lọ́dún yìí, ni ọkọ̀ tó ń ya fọ́tò àyà dé sí ojú ọjà. Wọ́n ní kí tọmọdé tàgbà wá yà, ọ̀fẹ́ ni. Mo wé gèlè tí o rà fún mi, mo lé tìróò, Ràmúlátù wọ aṣọ Ìléyá rẹ̀. Ọkùnrin inú ọkọ̀ ní kí a bọ́ gbogbo rẹ̀, kí a gbá àyà mọ́ irin. Nígbà tí fọ́tò jáde mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n rí tèmi, kò lójú, kò nímú, gèlè kò sí níbẹ̀, egungun ìhà bí ti àgbò tí wọ́n yan. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé fọ́tò rẹ̀ bàjẹ́, kí ó tún un yà, ó ní kí n máa bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ àwọn tí fọ́tò mú. Wọ́n ní òjìji wà nínú àyà wọn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ràmúlátù wà lára wọn. Ọmọ tí kò húkọ́ rárá, tó ń gún iyán, tó ń pọnmi! Wọ́n ní kí ó máa wá gba abẹ́rẹ́ láràárọ̀ ní dìsípẹ́ńsárì, kí ó máa lo hóró oògùn, kí ó má sì dá a dúró títí ọdún á fi yí po. O mọ ibi tí dìsípẹ́ńsárì wà, iwájú ilé Àlàkẹ́ ni, ìyá Múdàṣírù tó fẹ́ fẹ́ àbúrò rẹ. Múdàṣírù fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ó ń ta aṣọ ní Treichville, lẹ́yìn ìyàwó ni ìbá mú Ràmúlátù wá sí Abidjan, tí ẹ̀yin méjèèjì ìbá tún wà nílùú kan náà. Àlàkẹ́ kò bá mi jà. Ó kàn rán ènìyàn wá pé kí a jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ ìdána rọ̀ ná, pé ọmọ òun kan ṣoṣo ni Múdàṣírù. Ràmúlátù kò sunkún lójú mi, inú yàrá bàbá rẹ ló lọ.

Ìgbà náà ni lẹ́tà rẹ dé. O kọ ọ́ pé inú rẹ dùn, pé àwọn dókítà ní Plateau ti pàtẹ́wọ́ fún ọ, pé iṣẹ́ tí o ti ń ṣe láti ìgbà tí o ti dé ti wọ ìwé àwọn dókítà ní Paris. (O kò sọ bóyá wọ́n fi fọ́tò rẹ síbẹ̀, tí wọ́n bá sì máa fi í, kí ó jẹ́ èyí tó ní ojú.) O ní ohun tí o rí ni pé níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ kò bá ti pọ̀, bí fọ́tò bá mú ènìyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni kò ní in rárá, òjìji lásán ni. O ní kí wọ́n má fi fọ́tò nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́, àfi kí wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mùfútáù, mo ka ibi mẹ́sàn-án yẹn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó rántí pé obìnrin ni mí. Ọmọ mi tí mo rán lọ sílé ìwé ló ti òkèèrè na ọwọ́ yọ àbúrò rẹ̀ nínú kànga. Mo gbé lẹ́tà náà lọ sí àsálátù lọ́jọ́ Àìkú, mo kà á sókè fún gbogbo wọn, àwọn tí ẹbí wọn wà nínú àwọn tí fọ́tò mú ń ké Àlàáhù. Ibi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, mi ò kà á. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń kà láàárín ẹni tó ṣàlùwàlá.

Wọ́n wá ní ta ni ẹnì kẹwàá. Mo ní kò le, ìṣirò kì í ṣe ohun tí a kò lè ṣe nílé wa. Mo bu hóró àgbàdo, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń pe orúkọ, mo ń jù ú sínú abọ́, láti òkè ìlú títí dé ilé tó kángun sí tiwa. Ó pé mẹ́wàá géérégé. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà wá, pé bí o ṣe kọ ọ́ ní Abidjan ni ó ṣe rí ní Ìgbòho, kò lé, kò dín. Gbogbo ojú sì yí sí ilé Bàbá Kúlísúmù, tó ti ń húkọ́ láti ìgbà tí Kúlísúmù ọmọ rẹ̀ ti wà lọ́mú tí Kúlísúmù fi di ìyá ọlọ́mọ. Kò sí àríyànjiyàn, òun ni ẹnì kẹwàá. Àwọn tó kù kó oògùn dà sí ààtàn. Ràmúlátù da tirẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó ń kọrin bọ̀ láti ààtàn. Àlàkẹ́ gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí a má bínú, a sì fi ìyàwó sí ẹ̀yìn Ìléyá.

Bàbá Kúlísúmù nìkan ló ń gba abẹ́rẹ́ lọ. A kò bá a jẹun mọ́, a máa ń gbé tirẹ̀ síta. Nígbà tó ṣe, dìsípẹ́ńsárì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Ṣakí, wọ́n ní kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, tábà ni, kí ó jáwọ́ nínú tábà. Ó jáwọ́, ikọ́ rẹ̀ lọ. Ó ń kọjá níwájú ilé wa báyìí, kò kí mi, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Inú ààwẹ̀ ni Ràmúlátù bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó kọ́kọ́ ní ẹ̀fúùfù ni. Lẹ́yìn náà ó ní èéfín ni. Bí Àlàkẹ́ bá wá kí wa, á gbé ikọ́ náà mì títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi le, Àlàkẹ́ á lọ tán kí ó tó sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ Ìléyá tó wọ̀ lọ ya fọ́tò, mo tún un gán, ó tún tóbi, mo tún gán an. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mò ń fọ aṣọ, mo rí ìborùn rẹ̀ tó ká pọ̀ sísàlẹ̀ gbogbo aṣọ, mo tú u, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo tún un ká bí mo ṣe bá a. Mo jókòó ti omi ọṣẹ náà títí ó fi tutù, mi ò mọ ohun tí mo ń rò.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì ní bòókẹ́lẹ́. Ó ní bí ó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn lónìí, ọ̀nà ṣì wà. Ó ní kí ó má pẹ́. Mo délé, mo sọ fún Ràmúlátù, ó kọ̀. Ó ní bí òun bá tún gba ẹnu ọ̀nà Àlàkẹ́ kọjá lọ gba abẹ́rẹ́, ìyàwó ti tú nìyẹn. Ó ní Bùọ̀dá òun ti kà á, pé ẹnì kan ni, ẹni náà sì ti hàn, kí ni nọ́ọ̀sì tí kò kọjá Ṣakí rí mọ̀ tí Bùọ̀dá tó lọ Paris kò mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ mi. Ó ní àfi bí Bùọ̀dá òun bá wí i.

Mo bínú sí ọ, mi ò ní parọ́. Mo ní ìṣirò rẹ ló pa wá. Àwọn mẹ́wàá tí mo kà, gbogbo wọn ló ń rìn, gbogbo wọn ló ń jẹun, títí kan Bàbá Kúlísúmù tí a gbé oúnjẹ rẹ̀ síta. Ẹnì kẹwàá dà? Mo ní mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ kí a máa ka ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ ire. Mo ti mú bíírò láti kọ ọ́ sí ọ bẹ́ẹ̀. Mo ń kùn lójú Ràmúlátù, níbi tó dùbúlẹ̀ sí lórí ẹní, pé mo kà wọ́n ní ilé dé ilé, mi ò fo ẹnikẹ́ni. Ó wá bi mí pé nígbà tí mo ń kà wọ́n yẹn, ṣé mo ka òun mọ́ wọn.

Àkànní, n kò kà á. Ta ni í jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí í ju ọmọ rẹ̀ sínú abọ́ pẹ̀lú hóró àgbàdo? Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ilé tó kángun sí tiwa ni mo ti dúró.

Ó sú mi. Adúrà kò wá sí mi lẹ́nu bí ó ṣe máa ń wá. Bí mo bá sùn, ikọ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́, bí kò bá húkọ́, màá dìde lọ gbọ́ bóyá ó ń mí. Mo wò ó pé bóyá ó ti pẹ́ jù, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́ jù, kí o má sọ fún mi pé kò tíì pẹ́ bí o kò bá mọ̀ ọ́n dájú.

O mọ̀ pé gbogbo lẹ́tà mi ni mo fi ń tọrọ owó. Èyí náà kò ní ṣàì tọrọ, páànù òrùlé wà nílẹ̀, kẹrosíìnì ti wọ́n, òrí tí mo pò ní èṣí kò tà. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́. Ohun tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kí o lọ gbà á ní báǹkì, bó tilẹ̀ rin, kí o fi wọkọ̀ wálé. Sọ fún Séraphin pé ìyá tó da káńfọ̀ sí páálí yín ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí o wá. Má fi lẹ́tà dá Ràmúlátù lóhùn, torí ó lè ní èmi ni mo kọ ọ́. Wá fúnra rẹ, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní àbúrò rẹ, kí o fi ẹnu ara rẹ wí fún un pé àwọn tí fọ́tò mú ní Ìgbòho kì í ṣe mẹ́wàá, pé ìyá rẹ̀ fi ẹnì kan sílẹ̀. Ti Àlàkẹ́ kò kàn mí mọ́, kí ìdána tú bó bá máa tú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èmi ọlọ́mọ ni mo ní kí o wá kà á.

Ọlọ́run tó mọ iye ìràwọ̀ láìfọwọ́ tọ́ ọ kò ní jẹ́ kí tiwa dín. Yóò ṣí ọ̀nà fún ọ, yóò mú ẹsẹ̀ rẹ yá ju ẹsẹ̀ ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa lọ. Rakiatou yóò bí, yóò sì tọ́ wọn dàgbà. Àmín.

Èmi ni ìyá yín, Mùfútáù àti Ràmúlátù.
Ọmọ méjì ni mo bí. Mo ti kà yín.